Salvador ní Bahia: ṣé iwájú ìlú la ó ju ìdákọ̀ró sí ni, àbí ká kọjá sí Itaparica?

Àdùkẹ́_Olókun, 24 Oṣù Kọkànlá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mindelo ní Cape Verde la wà báyìí, èmi àti baálé mi, nínú ọkọ̀ ìgbòkun wa tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 38. Southampton la ti gbéra. A ti ra oúnjẹ, a ti pọn omi kún táǹkì. Bahia ní Brazil ló kàn, nǹkan bí 2,000 máìlì ojú omi sí ibi tá a wà yìí.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rèé. Èmi fẹ́ ká wọ Salvador gan-an, ká ju ìdákọ̀ró síwájú ìlú, kí n máa wo àwọn ilé àtijọ́ yẹn látorí ọkọ̀ bí mo bá ń mu tíì láàárọ̀. Ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tó padà wálé láti Brazil, ni ìyá tó bí ìyá mi, ní Èkó, ọ̀rọ̀ Bàíà ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Baálé mi ní òun ò fẹ́ ariwo, òun ò fẹ́ olè, pé ká forí lé erékùṣù Itaparica tààrà, ká máa wọ ọkọ̀ èrò wá sígboro nígbà tó bá wù wá. Ọgbọ̀n ọjọ́ la fẹ́ lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, ẹ là wá níjà. Ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan o (ẹ gbè sẹ́yìn mi díẹ̀).

BàbáKọ́la_Maryland

Ìyàwó, ẹ kú ojú òkun. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò níwájú ìlú yẹn, bí mo bá sì tún débẹ̀ lọ́la, ibẹ̀ náà ni mo máa lọ.

Ẹ wo máàpù, ẹ ó rí ìdí ẹ̀. Orí ilẹ̀ tó yọ jáde bí imú ni wọ́n tẹ Salvador dó sí. Òkun ńlá wà lápá ìlà oòrùn rẹ̀. Baía de Todos os Santos, ìyẹn omi òkun tó yà wọnú ilẹ̀, wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yìn èbúté gan-an ni òkè dìde gogoro, tí ìlú òkè wà lórí, tí ìlú ìsàlẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ìlà oòrùn tó máa ń fẹ́ lójoojúmọ́, òkè yẹn ló ń dí i. Ìta á máa hó, ẹ̀yin á máa sùn. Èyí tó bá ti ìwọ̀ oòrùn tàbí gúúsù wá ni ò sẹ́ni tó máa bá yín dí i, ṣùgbọ́n láàárín ọdún, nígbà òtútù tiwọn, ni ìyẹn pọ̀ jù. Ẹ̀yin ò ní bá a níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé ló yẹ kẹ́ ẹ ronú lé lórí. Ẹ ó rí Farol da Barra, ilé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun, lórí odi àtijọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Láti 1698 ni wọ́n ti ń tanná fún ọkọ̀ níbẹ̀. Ojú ẹ̀ á wọ̀ yín, ẹ ó sì fẹ́ gé kọ́nà lẹ́bàá ẹ̀. Ẹ má dán an wò. Iyanrìn wà lábẹ́ omi níwájú ibẹ̀, Banco de Santo Antônio ni wọ́n ń pè é, ó nà lọ sápá gúúsù, ìgbì sì máa ń fọ́ lórí ẹ̀ bí òkun bá ń bínú. Ẹ jìnnà sí i, kẹ́ ẹ tó yí wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú yín síta, ẹ dín ìgbòkun kù, ẹ máa rọra rìn síwá-sẹ́yìn lókèèrè títí ojúmọ́ á fi mọ́, torí àwọn apẹja tí ò tanná pọ̀ níbẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ ó rí odi kan tó rí roboto láàárín omi, bí ìgbà tí wọ́n dojú ìkòkò dé. Forte São Marcelo nìyẹn. Láàárín odi yẹn àti etíkun ni mo ju tèmi sí. Òkun lè fi mítà méjì ó lé díẹ̀ kún ju ìgbà tó bá fà lọ, ẹ ka ìyẹn mọ́ jíjìn omi kẹ́ ẹ tó tú ṣẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, ẹ sì tú u tó ìlọ́po márùn-ún. Ẹ wa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn dáadáa kí ìdákọ̀ró lè gbolẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, táyà odindi ló gbé ìdákọ̀ró mi wá lọ́jọ́ kan.

Ṣeun_Ọlọ́kọ̀

Bàbá, mo gbọ́ tiyín o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré mi lọ. Mo wà nínú ọkọ̀ o! Mo ń hanrun. Mo fi okùn so ọkọ̀ kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá, mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ fi okùn ìgbòkun fa ọkọ̀ kékeré yẹn sókè kúrò nínú omi, kó máa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá. Ṣẹ́ẹ̀nì àti àgádágodo, kì í ṣe okùn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sá sórí ọkọ̀, ẹ kó o wọlé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gòkè lọ sílùú, ẹ sanwó ní màrínà kẹ́ ẹ so ọkọ̀ kékeré síbẹ̀, ẹ má fà á sórí iyanrìn kẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀.

Òmíràn tí mo rà, mo fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún, mo fa ìlà dúdú méjì sí i lára bíi dánfó. Ó burẹ́wà débi pé kò sólè tó tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

ÌyáÌbejì_Gosport

Àdùkẹ́, gbọ́ tọkọ ẹ. Èmi àti ọ̀gá mi, alẹ́ mẹ́ta péré la sùn níwájú ìlú. Wàhálà ibẹ̀ tí BàbáKọ́la ò sọ ni àwọn ọkọ̀ ayára tó ń kó èrò lọ sí Morro de São Paulo. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéra, ìgbì tí wọ́n sì ń dá sílẹ̀ á gbọn ọkọ̀ rẹ bí ẹni tó ń sin gbèsè. Ìkòkò ọbẹ̀ mi dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gúsí tó kẹ́yìn tí mo gbé láti Gosport!

Itaparica ò ju ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ tí atẹ́gùn bá dáa. Ìlú kékeré ni, orí erékùṣù níhà àríwá. Ibi tá à ń ju ìdákọ̀ró sí wà láàárín ìlú àti iyanrìn ńlá kan, tí òkun bá fà, iyanrìn yẹn á yọ síta, àwọn èèyàn á wá tẹ́ aṣọ sórí ẹ̀, wọ́n á máa yá oòrùn. Ẹ wo àkókò òkun kẹ́ ẹ tó wọlé, omi máa ń sáré níbẹ̀. Òru ibẹ̀ dákẹ́, wàá gbọ́ ẹja tó ń fò.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ jù ni omi. Ìsun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fonte da Bica, àárín ìlú ló wà, omi ẹ̀ mọ́ gaara, gbogbo ará ìlú ló ń wá pọn ọ́n. Wọ́n ní ó ń sọ arúgbó obìnrin di ọmọge. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. Ọ̀gá mi ní òun ò tíì rí ìyàtọ̀.

Tó o bá fẹ́ lọ ìgboro, wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Mar Grande, ọkọ̀ ojú omi á gbé ọ dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Mercado Modelo ní Salvador láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n tí òkun bá fà jù, wọ́n á dáwọ́ dúró, torí náà má fi ìpadàbọ̀ sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ferry ńlá wà ní Bom Despacho, São Joaquim ní Salvador ló ń já sí.

BàbáKọ́la_Maryland

Ìyá Ìbejì ti tún gbé Itaparica wọn dé o! Òótọ́ ni ti ọkọ̀ ayára, mi ò jiyàn. Ọ̀sán ni wọ́n ń rìn jù, ẹ má gbé ìkòkò kaná ní àkókò wọn. Ṣé torí ọbẹ̀ lèèyàn ṣe máa rin òkun kọjá tí kò ní sùn níwájú Bàíà? Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kó wá pinnu fúnra ẹ̀.

Àgùdà_Pelô

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi kì í ṣe ọlọ́kọ̀ o, olùkọ́ ni mí, ọdún kẹfà mi rèé ní Salvador, mo kàn ń ka ìtàn yín fún ìgbádùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa bá tẹ́ ẹ bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Elevador Lacerda ló ń gbé èèyàn láti ìlú ìsàlẹ̀ lọ sí ìlú òkè. Láti 1873 ló ti wà, ó ga ní mítà 72, ẹ ó máa rí i látorí ọkọ̀ yín. Òun ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, tàbí Uber. Ẹ má fẹsẹ̀ rin Ladeira da Montanha, ọ̀nà tó gun òkè yẹn, bó ti wù kó kúrú tó lójú máàpù. Ìsàlẹ̀ náà, àdúgbò Comércio, máa ń dá páropáro lálẹ́ àti lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má dá rìn níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ò ní wàhálà.

Àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó wọ aṣọ funfun balẹ̀ ló máa ń dín in ní kọ́nà, ẹ̀wà tí wọ́n bó eèpo ẹ̀ tí wọ́n lọ̀ ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki vatapá (ọbẹ̀ kíki wọn), ilá àti edé gbígbẹ sí i. Tó bá bi yín pé «quente?», kì í ṣe pé ṣé kó gbóná, ata ló ń bi yín. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ata wọn ò dé ibi tí tiwa dé.

Àdùkẹ́, tó o bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn baba ìyá ìyá rẹ ti kúrò, gun òkè lọ Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú òkè, láàárọ̀, Casa do Benin, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wà níbẹ̀. Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí. Àwọn Nagô Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìde ogun ní Oṣù Kìíní 1835 lórí àwọn òkúta títì yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn ni wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, tí àwọn mìíràn sì fúnra wọn wọkọ̀ padà sílé. Omi tẹ́ ẹ fẹ́ ju ìdákọ̀ró sí yìí náà ni ọkọ̀ wọn gbà jáde lọ sí Èkó. Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, mi ò lè wo èbúté yẹn kí n má rántí.

Ibì kan tún wà tí ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ máa fẹ́ràn. Casa Branca, ilé òrìṣà tó dàgbà jù níbí, wà ní ẹ̀gbẹ́ Avenida Vasco da Gama. Níwájú ẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ odindi ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ Ọ̀ṣun ni. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara, funfun ló dáa jù, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yọ fóònù jáde. Yorùbá tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn, orin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má retí pé ẹ máa bá wọn fọ̀ ọ́ bíi ti ọjà Ọjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé «omi», ẹ sọ pé «àṣẹ», ẹ wo ojú wọn.

Àdùkẹ́_Olókun

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ti Àgùdà_Pelô sétí baálé mi, ó dákẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣì wà. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ mi, ti Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ baálé mi. Ṣé a lè gba físà tá a bá dé Salvador?

Tọ́pẹ́_Cardiff

RÁRÁ o. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì fa ìdákọ̀ró. Ẹ̀yin lè wọlé láìní físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, àmọ́ baálé yín gbọ́dọ̀ ní físà lọ́wọ́ kó tó débẹ̀. Wọn kì í fúnni létí omi. Iléeṣẹ́ aṣojú Brazil wà ní Praia, erékùṣù Santiago, Cape Verde tẹ́ ẹ wà yẹn náà. Ẹ tukọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ mú ìwé báńkì àti ìwé ọkọ̀ dání, kẹ́ ẹ ní sùúrù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú ìwé Amẹ́ríkà, láti Oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n ti dá físà padà fún ẹ̀yin náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á.)

Tẹ́ ẹ bá dé, ọ́fíìsì ló kù. Polícia Federal ló ń lu ìwé ìrìnnà yín lóǹtẹ̀, ẹ lọ bá wọn kíákíá. Receita Federal, àwọn aṣọ́bodè, ló ń fún ọkọ̀ níwèé láti wà nínú omi wọn láìsan owó ibodè. Capitania dos Portos, ti ọmọ ogun ojú omi, fẹ́ mọ ọkọ̀ tó wọlé àti ibi tó ń lọ. Anvisa náà wà fún ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Wọ́n dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan nítorí ṣòkòtò péńpé, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó débẹ̀. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ìwé ní mẹ́rin-mẹ́rin.

Káàdì fóònù: wọ́n á bèèrè CPF, nọ́ńbà owó orí wọn. Àjèjì lè gba CPF, ẹ gbà á, ó máa wúlò fún ohun púpọ̀.

ÌyáÌbejì_Gosport

Tọ́pẹ́, Ọlọ́run ló rán ẹ. Àdùkẹ́, fi ilé Praia yẹn ṣe àkọ́kọ́. Ọkọ̀ á refò.

Àgùdà_Pelô

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dé kó tó di ọjọ́ kìíní ọdún. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n máa ń gbé ère Bom Jesus dos Navegantes, Jésù àwọn atukọ̀, wọ inú ọkọ̀ kan, wọ́n á gba orí omi gbé e lọ sí etíkun Boa Viagem, gbogbo ohun tó bá lè léfòó á sì tẹ̀ lé e. Iwájú ìlú tẹ́ ẹ ń bá ara yín jà lé lórí yẹn gan-an ni.

Àdùkẹ́_Olókun, 14 Oṣù Kìíní

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọdún. A ti dé o!

Físà gba ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ní Praia. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún la fi rin òkun lẹ́yìn náà, mẹ́ta nínú ẹ̀ la fi jókòó sí àárín ayé níbi tí atẹ́gùn ti kú fin-ín, tí ìgbòkun ń ṣe pàpà-pàpà bí aṣọ tí wọ́n sá. Ní òru tó kẹ́yìn, a rí iná Barra, ọkọ mi ní ká wọlé. Mo ní BàbáKọ́la ní rárá. A dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ìgbì tó ń fọ́ lórí iyanrìn níbi tó ní ká gbà. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí di òní.

A kọ́kọ́ wọ màrínà fún ọjọ́ méjì nítorí àwọn ìwé, owó ibẹ̀ ta wá lẹ́nu, la bá jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ odi roboto. Ìyá Ìbejì, mo tọrọ àforíjì. Ọkọ̀ Morro da tíì gbígbóná sí mi lẹ́sẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tíì tí mo ti ń lálàá ẹ̀ láti Southampton! A kì í fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ nínú omi lálẹ́, ó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ẹnì kan kó aṣọ ìnura méjì tí mo gbàgbé síta. Ṣeun, o kìlọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, ọkọ̀ tó yí wa ká ò lóǹkà. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń yin bánger, ọmọdékùnrin kan nínú ọkọ̀ ìgbájá ké sí wa pé «de onde?» (ibo lẹ ti wá?). Ọkọ mi pariwo pé «Nigéria!», gbogbo ọkọ̀ yẹn bá hó yèè. Mo pe màmá mi ní Èkó lórí fídíò, aago mẹ́rin ni wọ́n fi ṣáájú wa. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ní kí n gbé fóònù yẹn sókè dáadáa.

Itaparica la wà báyìí láti ọjọ́ kẹta. A ti pọn omi Fonte da Bica, mo sì ń sùn dáadáa. Ọkọ mi ló wá ń ní ká padà síwájú ìlú kó tó di ọjọ́ kejì Oṣù Kejì, nítorí ọdún Yemọja ní Rio Vermelho. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti di òfo.

Àgùdà_Pelô, ìbéèrè kékeré kan: wọ́n ní èèyàn lè rí orógbó rà ní ọjà São Joaquim. Kí ni kí n ní mo fẹ́?

Àgùdà_Pelô

Káàbọ̀ o! «Orobô» ni. Obì náà wà, «obi» ni wọ́n ń pè é. Níbi tí wọ́n ti ń ta ewé àti ìlẹ̀kẹ̀, lọ láàárọ̀. Tí ferry Bom Despacho bá já ọ sílẹ̀, o ti dé ọjà nìyẹn. Já orógbó wò kó o tó sanwó. Àwọn kan á ta gbígbẹ fún ọ.

BàbáKọ́la_Maryland

Fún Rio Vermelho, ẹ má gbé ọkọ̀ tiyín lọ síbẹ̀ o. Òkun gbalasa ni, kò sí ohun tó ń dí ìgbì. Ẹ fi í sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kẹ́ ẹ wọ Uber lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ti títì.